Sàlẹ́ńsà àti Ìgbẹ́sẹ̀lé Tuntun Lára Máṣìn: Bí A Ṣe Ń Dè Wọ́n Láì Ba Bíréèkì Jẹ́

Apá ọ̀tún máṣìn há ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ibẹ̀ ni sàlẹ́ńsà ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ bíréèkì wà, ibẹ̀ ni ọ̀pá kíìkì ń yí sí, ibẹ̀ náà ni èrò ẹ̀yìn ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé. Lára ọ̀pọ̀ máṣìn tó ń ná ìgboro Òṣogbo, bóòtù kan náà ló di ìdí sàlẹ́ńsà àti irin ìgbẹ́sẹ̀lé èrò mọ́ férémù. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀kan láì wo èkejì ló máa ń padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì pẹ̀lú bíréèkì tí kò wọlé tán, tàbí kíìkì tó ń gbá irin. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ rà wọ́n pọ̀, kí ẹ sì gbé gbogbo wọn kọ́ ara máṣìn wò kí ẹ tó di nọ́ọ̀tì kankan le.

Kí ẹ tó náwó

Sàlẹ́ńsà máa ń wá ní oríṣi méjì. Odidi ni ti àkọ́kọ́: ọrùn, ìyẹn páìpù tó jáde láti ẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnnì, àti àgbá tó ń pa ariwo, jíjó ni wọ́n jó wọn mọ́ra. Bó ṣe wà lára ọ̀pọ̀ Boxer, TVS àti irú wọn nìyẹn. Èkejì ni àgbá nìkan, tí wọ́n ń kì bọ ẹnu ọrùn, tí wọ́n á fi kílíìpù dì. Bí ti máṣìn yín bá jẹ́ odidi, àgbá nìkan kò lè bá a mu àfi bí ẹ bá gé ọrùn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí odidi tí wọ́n ṣe fún irú máṣìn yín gan-an, òun ni kí ẹ rà, kí ẹ fi owó wẹ́dà ra epo. Bó bá di dandan kí ẹ gé, ẹ wá ọrùn tòkunbọ̀ kan tí ẹ máa gé, kí ẹ sì tọ́jú èyí tó bá máṣìn wá sílé.

Ìwọ̀n ẹnu páìpù ló ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà jù. Àwọn àgbá fáàrí tó wà lórí àtẹ, ẹnu wọn sábà máa ń jẹ́ 51 mm, wọ́n á wá fi òrùka tó ń sọ ọ́ di 38 mm sí inú páálí rẹ̀. Ọrùn sàlẹ́ńsà ẹ́ńjìnnì 100 sí 150, bí ẹ bá fi fánìà (irinṣẹ́ tó ń wọn fífẹ̀ irin) wọ̀n ọ́n lóde, àárín 25 sí 32 mm ló máa ń wà. Àlàfo ńlá wà láàárín méjèèjì, kílíìpù kò sì lè dí i. Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ni yóò yí òrùka irin tí inú rẹ̀ bá ọrùn mu, tí òde rẹ̀ bá ẹnu àgbá mu. Òṣogbo tí iléeṣẹ́ Machine Tools àti ti Steel Rolling ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ kò yẹ kó ṣaláìní ẹni tó lè yí òrùka lásán. Ẹ gbé ọrùn àti àgbá méjèèjì lọ bá a. Ẹ má fi ẹnu sọ ìwọ̀n fún un.

Ẹ má tìtorí pé àgbá fẹ̀ kí ẹ wá fẹ ọrùn náà. Ẹ́ńjìnnì kékeré nílò kí èéfín sáré nínú ọrùn rẹ̀. Eré yẹn ló ń bá a fa èéfín tó kù síta kí epo tuntun tó wọlé. Bí páìpù bá fẹ̀ jù, èéfín á máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, agbára ìsàlẹ̀ á sì lọ. Lójú títẹ́jú, ẹ lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó èrò àti ẹrù gun Òkè-Baálẹ̀, máṣìn á máa ké, kò ní fà, gíà kìn-ín-ní lẹ máa fi gun ibi tí ẹ ti ń fi gíà kejì gùn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi máṣìn jẹun kò gbọ̀dọ̀ ra àgbá tí kò ní nǹkan nínú. Ẹ wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn: bí ẹ bá ń rí ìmọ́lẹ̀ láti òpin kan dé èkejì, tí kò sí páìpù kékeré tó dín ẹnu rẹ̀ kù, ariwo lẹ rà.

Ní ti ìgbẹ́sẹ̀lé, mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni irin gbọọrọ kan tó gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá láti òsì dé ọ̀tún, tí bóòtù mẹ́rin sábà máa ń dì. Èkejì ni oníkíká, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹ̀kẹta ni sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé sókè tí wọ́n tì sẹ́yìn, tó ní ẹsẹ̀ gíà àti ẹsẹ̀ bíréèkì tirẹ̀ lórí àwo àlùmíníọ̀mù. Sẹ́ẹ̀tì yìí dára fún máṣìn eré tí ẹni tó ń gùn ún ń tẹ̀ síwájú. Fún ọlọ́kadà tó ń jókòó láti àárọ̀ dé alẹ́, orúnkún ló máa fi san gbèsè rẹ̀. Oníkíká tó fẹ̀ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ló tọ́ fún ìgboro. Ẹ rí i pé ó ń ká sókè, kí ó sì máa ká sẹ́yìn. Èyí tó bá ń ká síwájú, bó bá fi ẹnu kan bọ́ǹpù tàbí etí gọ́tà, yóò gbé máṣìn ṣubú. Àwọn kan tún ń fi ìgbẹ́sẹ̀lé sí irin ààbò iwájú. Lójú ọ̀nà jíjìn, ó ń sinmi ẹsẹ̀. Láàárín ìlú, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó wà níbẹ̀ ti jìnnà sí bíréèkì.

Bóòtù tí ẹ máa fi dì í gbọ́dọ̀ ní 8.8, àmì tó ń sọ bí irin rẹ̀ ṣe le tó, lórí. Èyí tí kò ní àmì kankan lórí, ẹ fi kọ́ nọ́ńbà máṣìn.

Àwọn irinṣẹ́

Sípánà 8, 10, 12, 13, 14 àti 17, sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 àti 12 pẹ̀lú ọwọ́ gígùn, álíńkì 5 àti 6, pùláyà, búrọ́ọ̀ṣì onírin, sáńpépà, ayùn irin, fánìà, WD-40 tàbí òróró tó ń wọ inú ìpẹtà, gíríìsì, gíríìsì oníkọ́pà fún ibi tó ń gbóná, Loctite aláwọ̀ búlúù (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú), gásíkẹ́ẹ̀tì sàlẹ́ńsà tuntun. Ẹ má fi owó gásíkẹ́ẹ̀tì du ara yín. Òrùka kọ́pà rírọ̀ ni, ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dì í ló ti tẹ́. Bí ẹ bá dá a padà, yóò máa jò.

Títú ti àtijọ́

Ẹ fọ máṣìn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ fín WD-40 sí nọ́ọ̀tì méjèèjì tó wà lẹ́nu ẹ́ẹ̀dì àti bóòtù ìdí sàlẹ́ńsà. Ẹ tún un fín ní àárọ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Ẹ fi fóònù ya àwòrán apá ọ̀tún àti apá òsì, kí ẹ sì fi ọ̀dà fa ìlà kékeré tó kọjá lórí ẹsẹ̀ gíà àti orí ṣáfútù rẹ̀. Ìlà yẹn ló máa sọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ fún yín.

Nọ́ọ̀tì ẹnu ẹ́ẹ̀dì ni ibi ẹlẹgẹ́. Sítọ́ọ̀dù (bóòtù tí kò lórí) M6, ìyẹn tó fẹ̀ tó 6 mm, ló wà lára ọ̀pọ̀ máṣìn kékeré, sípánà 10 ló ń tú u. Ti M8 ń gba 12 tàbí 13. Ìpẹtà àti ooru ti lẹ nọ́ọ̀tì mọ́ sítọ́ọ̀dù, àlùmíníọ̀mù sì ni ẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá kọ̀, ẹ má fi páìpù gùn ọwọ́ sípánà. Ẹ fi í le díẹ̀, kí ẹ dá a padà, kí ẹ tún fín in, díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi iná gáàsì yá nọ́ọ̀tì náà, ẹ má jẹ́ kí iná dúró lórí ẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì ti gbé táǹkì epo kúrò kí iná tó débẹ̀.

Bí sítọ́ọ̀dù bá kán tí ìdí rẹ̀ yọ síta díẹ̀, kí wẹ́dà gbé nọ́ọ̀tì lé e lórí kó sì jó o mọ́ ọn láti inú. Ooru jíjó yẹn fúnra rẹ̀ máa ń tú ìpẹtà, ẹ yí i nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Bó bá kán mọ́ inú, ẹ fi pọ́ńṣì sàmì sí àárín rẹ̀ gan-an, kí wọ́n fi dírílì 3 mm bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́ dé 5 mm fún M6. Táápù M6 ló máa kọ tírẹ́ẹ̀dì padà. Dírílì tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ ń jẹ àlùmíníọ̀mù, ìyẹn sì di iṣẹ́ tọ́nà. Ohun tí kò yẹ kí ẹ gbà ni kí ẹnikẹ́ni jó ọrùn sàlẹ́ńsà mọ́ ẹ́ẹ̀dì tàbí kó fi wáyà so ó.

Ìdí rẹ̀ ló kù. Kí ẹ tó tú bóòtù ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan di àgbá mú, torí bí ìdí bá jábọ́, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á fà lórí sítọ́ọ̀dù méjì iwájú. Ẹ ti àkísà mọ́ bọ ojú ihò ẹ́ẹ̀dì kí òkúta má wọlé, kí ẹ sì fi èyí tó gùn tó yọ síta ṣe é, kí ẹ má baà gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Gbígbé kọ́ wò

Ẹ fọ ojú ihò ẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú sáńpépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè ṣì wà nínú, dúdú bí ara ihò náà; ẹ fi orí sukurudiráfà wá etí rẹ̀. Ẹlòmíràn á kó tuntun lé àtijọ́, yóò sì máa béèrè ìdí tí ọrùn kò fi wọlé tán.

Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ ojú rẹ̀ kó má jábọ́, ẹ gbé ọrùn wọlé, kí ẹ fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì méjèèjì títí wọ́n á fi kan. Ẹ gbé ìdí kọ́ bóòtù rẹ̀, òun náà lọ́wọ́ lásán. Ẹ wá gbé ìgbẹ́sẹ̀lé èrò àti ti awakọ̀ sí ipò wọn. Kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ le nínú wọn.

Nísinsìnyí, ẹ dúró lẹ́yìn máṣìn kí ẹ wò ó. Bóòtù ìdí gbọ́dọ̀ wọ ihò rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fa àgbá tàbí tì í. Bí ihò méjèèjì bá fi 5 mm yà fún ara wọn, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á fi sukurudiráfà wọ́ ọ wọlé, wọn á dì í. Yóò wọ̀, ṣùgbọ́n ọrùn náà ti wà lábẹ́ ìnira láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ooru ń fà á gùn, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n ọ́n, kòtò ń gbé e sókè, láìpẹ́ yóò ya níbi tí wọ́n ti jó o. Ojú jíjó tó ń ya léraléra, wẹ́dà kọ́ ló ṣẹ̀, ihò tí kò bára mu ni. Ẹ tún irin ìdí ṣe, tàbí kí ẹ ki wáṣà sí àárín.

Ẹ fi ìka wọn àlàfo. Láti sàlẹ́ńsà sí táyà àti apá táyà ẹ̀yìn (irin tó di táyà ẹ̀yìn mú), ó kéré tán 15 mm nígbà tí ènìyàn méjì jókòó sórí rẹ̀. Sí wáyà tàbí ọ́ọ̀sì èyíkéyìí, 30 mm. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nù gbọ́dọ̀ ṣeé dé láìtú sàlẹ́ńsà. Bí rọ́bà bá wà nínú ihò ìdí ti àtijọ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi sínú ti tuntun pẹ̀lú òrùka irin àárín rẹ̀.

Bí jíjó bá wà níbẹ̀

Ẹ tú orí bátìrì, kí ẹ sì yọ ẹnu wáyà CDI (àpótí kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ sí púlọ́ọ̀gì) kí wẹ́dà tó dé. Ẹ jẹ́ kó fi tẹ́ẹ̀kì (jíjó kékeré) mẹ́rin mú òrùka àti ọrùn lórí máṣìn, ní ipò tó yẹ, kí okùn àásì rẹ̀, èyí tí iná ń gbà padà, wà lórí páìpù náà gan-an, kó má lọ fi kọ́ apá táyà ẹ̀yìn kí iná máa gba inú bẹ́árìn kọjá. Lẹ́yìn náà ẹ tú u sílẹ̀, kó lọ jó o yípo lórí tábìlì. Ara ọrùn fẹ́lẹ́. Ẹlẹ́kítíródù géèjì 10 á lù ú jó, géèjì 12 ni kó lò, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ stainless (irin tí kì í tètè pẹtà) tí èkejì jẹ́ irin lásán, ọ̀pá 309 ló ń mú méjèèjì. Ti irin lásán á mú un lónìí, á sì ya lẹ́yìn òjò mélòó kan. Ẹ má gbà kí wọ́n fi páìpù omi onígáfanáìsì gùn ún. Èéfín síǹkì tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà jíjó ń fa ibà àti òtútù fún ẹni tó bá fà á símú.

Bí kílíìpù lẹ fẹ́ lò dípò jíjó, kí páìpù wọnú ara wọn tó 30 mm, kí ẹ sì fi ayùn fa ojú mẹ́rin gígùn bíi 20 mm sí ẹnu èyí tó wà lóde. Láìsí ojú yẹn kílíìpù á kàn máa fún irin tí kò lè sún.

Ẹsẹ̀ gíà

Bóòtù M6 kan ló fún ẹsẹ̀ gíà mọ́ ṣáfútù eléyín. Lára ọ̀pọ̀ máṣìn, bóòtù yẹn gba inú kòtò kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ sára ṣáfútù kọjá, nítorí náà títú u lásán kò tó. Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ẹ fi sukurudiráfà ya ẹnu rẹ̀ díẹ̀, yóò yọ́ jáde. Ẹ má fi òòlù gbá a láti ẹ̀yìn. Ohun tó dì ṣáfútù náà mú nínú ẹ́ńjìnnì kéré.

Ẹ jókòó sórí máṣìn pẹ̀lú bàtà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ gan-an. Àtẹ́lẹsẹ̀ wà lórí ìgbẹ́sẹ̀lé tuntun, ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ lífà (ẹsẹ̀ gíà) láìjẹ́ pé ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ láìna ọrùn ẹsẹ̀ tán. Eyín kan sókè tàbí sísàlẹ̀ ń yí i gan-an. Fún lífà alórí méjì tí gìgísẹ̀ ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wò ó pé orí ẹ̀yìn kò kan ìgbẹ́sẹ̀lé nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Bó bá ń kàn án, gíà kò ní wọlé tán, yóò máa já bọ́ sí nútúrà lórí eré.

Sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé sókè, tó ní ọ̀pá ìsopọ̀: kí ọ̀pá àti apá ṣáfútù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe igun 90° nígbà tí máṣìn wà ní nútúrà. Ìkan nínú ẹnu ọ̀pá náà ní tírẹ́ẹ̀dì òdì, nítorí náà yíyí ọ̀pá lásán ló ń mú un gùn tàbí kúrú. Ẹ di nọ́ọ̀tì ìdènà méjèèjì lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá dojú apá ṣáfútù kọ òkè dípò ilẹ̀, gbogbo gíà á yí padà, èyí tó ń gòkè á máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn sókè lórí sítáńdì, ẹ́ńjìnnì ní pípa, ẹ máa fi ọwọ́ yí táyà bí ẹ ti ń ki gíà kọ̀ọ̀kan bọ̀, kí ẹ kà wọ́n lọ kà wọ́n bọ̀.

Ohun kan wà tó wọ́pọ̀ lẹ́bàá títì: bí eyín lífà bá ti jẹ tó ń yọ̀, wọ́n á jó lífà mọ́ ṣáfútù. Ooru yẹn ń sun síìlì ọ́ìlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ọjọ́ tí síìlì yẹn bá sì fẹ́ pààrọ̀, a ò rí ọ̀nà yọ ìdérí ẹ́ńjìnnì àfi ká gé lífà dànù. Lífà ni wọ́n ṣe kó rọ̀ kó lè jẹ ṣáájú ṣáfútù. Owó lífà tuntun kò tó owó wàhálà náà.

Ẹsẹ̀ bíréèkì

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ fi gíríìsì sí ibi tí pẹ́dà ti ń yí, ẹ dá sípíríǹgì tó ń fà á padà sípò, kí ẹ sì fi kọ́tápíìnì tuntun sí ẹnu ọ̀pá. Ẹ gbé pẹ́dà sí ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ á fi dé e láìgbé gìgísẹ̀ kúrò lórí ìgbẹ́sẹ̀lé.

Fún bíréèkì oníṣúù, kí orí pẹ́dà lọ 20 sí 30 mm kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́yìn ọ̀pá níbi táyà lẹ máa fi tò ó. Bí pẹ́dà tuntun bá ti yí ipò padà tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀tì yẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin tírẹ́ẹ̀dì, ọ̀pá náà kò gùn tó, ẹ wá òmíràn. Ẹ má gé e kí ẹ jó o gùn.

Kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Tó bá ṣe pé ṣúù tuntun ló wà níbẹ̀, pẹ́dà kò ní lọ jìnnà, ẹ ò sì ní rí i pé ó ń bọ̀ wá kan sàlẹ́ńsà. Bí ṣúù bá ṣe ń jẹ ni pẹ́dà ń sọ̀ kalẹ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn yẹn sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bíréèkì ò fi mú mọ́, kí ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Pépà gbọ́dọ̀ kọjá láàárín pẹ́dà àti ọrùn sàlẹ́ńsà. Ìka ló dára jù. Bó bá kàn án, lọ́jọ́ tí ṣúù bá jẹ, sàlẹ́ńsà ló máa dá ẹsẹ̀ yín dúró, bíréèkì kò ní mú. Ẹ yí ipò sàlẹ́ńsà tàbí ti pẹ́dà padà; ẹ má fi òòlù tẹ sàlẹ́ńsà wọnú. Lẹ́yìn èyí, ẹ dá nọ́ọ̀tì padà sí 20 sí 30 mm.

Fún bíréèkì aláwo (dísìkì), ọ̀pá tó ń ti pístìn gbọ́dọ̀ ní àyè 1 sí 2 mm kó tó kan pístìn. Bí kò bá sí àyè, ihò tí òróró ń gbà padà á dí, òróró á gbóná, á wú, táyà ẹ̀yìn á sì máa mú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀.

Iná bíréèkì: sípíríǹgì fẹ́lẹ́ kan ló so ó mọ́ pẹ́dà. Ẹ yí nọ́ọ̀tì ara rẹ̀ títí iná á fi tàn ṣáájú kí bíréèkì tó mú.

Sítáńdì àti kíìkì

Lára máṣìn púpọ̀, ara sàlẹ́ńsà ni rọ́bà ìdádúró sítáńdì àárín máa ń sinmi lé nígbà tí wọ́n bá ká a. Sàlẹ́ńsà tuntun kì í ní ibi ìsinmi yẹn. Sítáńdì á gòkè kọjá ibi tó yẹ, á máa gbá ṣéènì tàbí apá táyà, tàbí kó máa já bọ́ lórí kòtò. Kí wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ férémù, kí ẹ fi rọ́bà bò ó. Ara sàlẹ́ńsà tuntun kọ́ ni kó jó o mọ́.

Kíìkì: ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dé òpin, nígbà tí ìgbẹ́sẹ̀lé wà ní títẹ́ àti nígbà tó wà ní kíká. Ìgbẹ́sẹ̀lé tí kò ká tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ ló sábà máa ń gba ojúgun.

Dídì le

Iwájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ẹ́ẹ̀dì méjèèjì ní ìdajì-ìdajì, ọ̀kan díẹ̀, èkejì díẹ̀, kí ojú rẹ̀ má baà ṣẹ́gbẹ̀ẹ́: 10 sí 12 Nm (ìwọ̀n agbára ìdì) fún M6, 20 sí 25 fún M8. Ẹni tí kò ní sípánà tó ń ka agbára, kó fi ọwọ́ kan di sípánà kúkúrú mú, títí tó fi gbá dúró, kó fi díẹ̀ kún un, kó ṣíwọ́. Gíríìsì oníkọ́pà sí tírẹ́ẹ̀dì sítọ́ọ̀dù ló máa jẹ́ kí ẹni tó máa tú u lọ́jọ́ iwájú súre fún yín. Lẹ́yìn iwájú ni kílíìpù, lẹ́yìn kílíìpù ni bóòtù ìdí. Bóòtù M8 ìgbẹ́sẹ̀lé ń gba bíi 25 Nm, M10 bíi 45, pẹ̀lú Loctite búlúù. Loctite kò wúlò lára sàlẹ́ńsà, ooru á jó o.

Kí àgbàlagbà méjì jókòó, kí wọ́n fo lórí ìjókòó, kí ẹlòmíràn máa wo abẹ́ ẹ̀yìn.

Títan ẹ́ńjìnnì

Ẹ fi omi ọṣẹ sí ẹnu ẹ́ẹ̀dì àti gbogbo ojú ìsopọ̀ kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tàn án, kí ẹ wo ìfófó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àyè yín kó tó gbóná. Èéfín funfun àti òórùn ọ̀dà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í ṣe nǹkan. Ìlà dúdú tó bá yọ lẹ́bàá gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, jíjò ni. Ibẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tó fi ń yìnbọn pà-pà-pà nígbà tí ẹ bá jọ̀wọ́ gáàsì ní sísọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Ọláìyá. Ẹ di jíjò kí ẹ tó fọwọ́ kan kábúrétọ̀.

Bí kò bá sí jíjò tó ṣì ń yìnbọn, tàbí tó ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí ọkọ̀ ò pọ̀, bí ọ̀nà Gbọ̀ngán láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ fún un ní gáàsì dáadáa díẹ̀, kí ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó sún dé ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ló dára. Funfun: epo kò tó. Dúdú gbẹrẹfu: epo pọ̀ jù. Bó bá funfun, jẹ́ẹ̀tì ńlá (ihò tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀) tó fi nọ́ńbà kan tàbí méjì ju ti àtijọ́ lọ sábà máa ń tó. Kábúrétọ̀ tí pín-ìnì rẹ̀ ní kílíìpù, ẹ sọ kílíìpù sísàlẹ̀ ní ojú kan, epo á pọ̀ sí i. Ní ti sukuru kékeré ara kábúrétọ̀, ẹ wo ibi tó wà kí ẹ tó yí i: bó bá wà lápá ẹ́ńjìnnì, yíyí i síta ń fi epo kún un, bó bá wà lápá fílítà, yíyí i síta ń dín epo kù. Ìdajì yíyí lẹ́ẹ̀kan, ẹ wakọ̀, ẹ tún wò.

Lẹ́yìn tí máṣìn bá ti ń rìn

Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tó gbóná tó sì tutù, ẹ tún nọ́ọ̀tì ẹ́ẹ̀dì dì. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń tẹ́ sí i. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú bóòtù ìgbẹ́sẹ̀lé.

Ẹ fi àwo ìdáàbòbò sí ibi tí ojúgun èrò ń dé. Obìnrin tó ró ìró máa ń fi ẹ̀gbẹ́ jókòó, ẹsẹ̀ méjèèjì sápá kan, bó bá sì jẹ́ apá ọ̀tún, sàlẹ́ńsà ló kọjú sí. Apá òsì ni kí èrò máa gùn kí ó sì máa sọ̀. Aṣọ okùn tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn sàlẹ́ńsà kò yẹ fún irin lásán níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù kẹrin dé ìkẹwàá. Ó ń mu omi, ó sì ń jẹ ọrùn láti abẹ́ láìjẹ́ kí ẹ rí i. Ihò kékeré tó wà lábẹ́ àgbá, omi ni wọ́n dá a sí fún, ẹ má dí i.

Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í le ju ti ìgbà tó ṣì tuntun lọ, òwú ìgíláàsì inú àgbá ló ti jó tán. Èyí tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì dì ṣeé ṣí, kí wọ́n gbọn eérú dànù, kí wọ́n wé òwú tuntun mọ́ páìpù oníhò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, kí ó má há jù. Ẹ ṣe é kí ẹ tó máa fi máṣìn náà kọjá níwájú ọsibítù Asúbíaró lóru.